“Àwa Méjì Péré”: Irọ́ Aládùn Inú Ijù Ọsirélíà

  Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ọbẹ̀ kaná, ẹ rọra dín iná rẹ̀ kù, nítorí ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti lọ ilé ọkọ, owó ìfẹ̀yìntì ti wọlé, ni bàbá àti ìyá bá ní àwọn fẹ́ háyà mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìgbẹ́ nínú, kí àwọn fi la àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ọsirélíà já. Ohun tí ìpolówó irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ máa ń ṣèlérí kò ju ọ̀kan lọ: ẹ̀yin méjì péré, kò sọ́mọ, kò sẹ́bí, kò sí aládùúgbò, ojú ọ̀run lókè, ilẹ̀ pupa nísàlẹ̀. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni du ojú ọ̀run, mi ò sì bá a du ilẹ̀ pupa. “Méjì péré” yẹn ni mo fẹ́ bá wọn fà. Ohun tí mo ń sọ lónìí ni pé kò sí ibi tí tọkọtaya ti nílò ẹni kẹta tó inú ijù Ọsirélíà. Gbogbo ẹni tó lọ síbẹ̀ tó bọ̀ láyọ̀, ẹni kẹta ló mú un lọ, òun náà ló mú un bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sí nínú fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó. Nàìjíríà lọ́nà mẹ́jọ kò tíì tó Ọsirélíà, bẹ́ẹ̀ gbogbo èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 30, etí òkun sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kóra jọ sí. Títì Stuart Highway, tó bẹ̀rẹ̀ láti Darwin lápá àríwá tó sì parí sí Port Augusta lápá gúúsù, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 2,700. Ẹ wa mọ́tò láti Èkó dé Kánò, ẹ yí i padà láìsọ̀kalẹ̀, ẹ tún wà á dé Èkó: ẹ kò tíì rìn tó o. Lójú títì yẹn kan náà, láàárín Glendambo àti Coober Pedy, nǹkan bíi kìlómítà 250 ni ẹ ó rìn láìrí ilé epo kan ṣoṣo. Oko màlúù kan wà lágbègbè ibẹ̀ tó ń jẹ́ Anna Creek. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó lè wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ààyè sì ṣẹ́ kù fún màlúù láti jẹko. Ìta nìyẹn o. Ẹ wá wo inú ilé orí táyà. Tábìlì tí wọ́n ti jẹun alẹ́ ni wọ́n máa tú palẹ̀ kó lè di bẹ́ẹ̀dì. Bí ìyàwó bá ń dín ẹyin, ọkọ kò lè kọjá àfi tó bá fa ikùn mọ́ra. Ilé ìgbẹ́ kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì fúyẹ́ débi pé ẹni tó wà níta lè máa bá ẹni tó wà nínú jiyàn lọ. Àpótí oníke kan ló wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gba ohun tó ń bọ̀ sílẹ̀, bó bá sì ti kún, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fà á yọ, kó gbé e lọ dà síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ̀yin àgbà Èkó tẹ́ ẹ rántí agbépòó, iṣẹ́ yẹn kò tíì parẹ́ o. Ó ṣí lọ sí Ọsirélíà ni, àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ sì ń sanwó kí wọ́n tó lè ṣe é.

Nílé, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló ń gbé ìgbéyàwó ró. Ibi tí èèyàn lè yà sí wà níbẹ̀. Ahọ́n àti eyín a máa jà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jà nílé wa, ọkọ á ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun lójúde, ìyàwó á bọ́ sí ilé ìdáná, á máa fi ìkòkò sọ̀rọ̀. Bó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ á yọ sí wọn, alárinà á dé, tàbí kí ìyá àgbà kan wúkọ́ láti yàrá kejì. Ikọ́ yẹn nìkan ti parí ìjà tí ilé ẹjọ́ kò ní lè parí. Nínú ijù, kò sí ojúde. Bí ọkọ bá fi ìbínú já ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó máa ń lé ní ìwọ̀n 40 ni yóò kí i káàbọ̀, eṣinṣin á sì ti wọ ihò imú rẹ̀ kó tó rojọ́ fún ara rẹ̀ tán. Kíá ni yóò padà wọlé, kì í sì í ṣe pé ó ti ronú pìwà dà. Nílùú Coober Pedy, tí wọ́n ti ń wa òkúta iyebíye opal láti 1915, ooru yìí kan náà ló lé ọ̀pọ̀ ará ìlú wọ abẹ́ ilẹ̀: ilé wọn, hòtẹ́ẹ̀lì wọn, títí kan ṣọ́ọ̀ṣì wọn, inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Àwọn yẹn ti rí ibi sá sí. Tọkọtaya inú mọ́tò kò rí.

Ẹlòmíì á ní, kí ni wọ́n tilẹ̀ máa rí jà lé lórí níbi tí kò ti sí nǹkan kan? Àìsí nǹkan kan yẹn gan-an ni. Títì Eyre Highway tó gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nullarbor kọjá ní ibì kan, láàárín Balladonia àti Caiguna, tó lọ tààrà fún kìlómítà 146.6 láìṣẹ́ kọ́nà kankan. Ó ju ìrìn Èkó sí Ìbàdàn lọ. Ìyàwó tó gbé máàpù lésẹ̀ kò rí “yà sọ́tùn-ún” kankan sọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í darí ẹsẹ̀ ọkọ lórí bíréèkì. Bí wọ́n bá dé Eucla, aago ibẹ̀ fi ìṣẹ́jú 45 ṣíwájú ti Perth. Ìjọba kò fi òǹtẹ̀ lù ú, ṣùgbọ́n òun ni àwọn ará ibẹ̀ ń lò. Ọkọ á ní aago márùn-ún ti lù, ìyàwó á ní kò tíì lù, àwọn méjèèjì á sì jàre. Bó bá jẹ́ láti ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ń bọ̀, kí wọ́n tó dé Eucla ni wọ́n á ti kan ibodè Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà. Òṣìṣẹ́ á gun inú ilé orí táyà, á ṣí fíríìjì, á kó èso, ẹ̀fọ́ àti oyin tí wọ́n fowó ńlá rà, nítorí kòkòrò àti àrùn tó lè ba oko jẹ́. Ta ló ní ká ra oyin? Ẹ sì fara balẹ̀ wo ohun tó máa tẹ̀ lé e. Títí tí wọ́n fi dé ibodè, ara wọn ni wọ́n ń bá jà. Láti ibodè lọ, òṣìṣẹ́ ibodè ni wọ́n jọ ń bú, pẹ̀lú ìṣọ̀kan tí wọn kò ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹni kẹta ti dé nìyẹn, kò sì mọ̀ pé alárinà lòun.

Ẹni kẹta míì wà lójú títì tó gùn ju ìyẹn lọ. Tírélà ni, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo lè so ọkọ̀ ẹrù mẹ́ta pọ̀ mọ́ra lẹ́yìn, kí gbogbo rẹ̀ gùn tó mítà 53.5. Bó bá kọjá lára yín, afẹ́fẹ́ rẹ̀ nìkan tó láti gbọn ilé orí táyà jìgìjìgì, kí ife inú kọ́bọ́ọ̀dù máa ki ara wọn. Àwọn tó ń wà á máa ń ní rédíò àbáraẹni-sọ̀rọ̀ kékeré kan, ìkànnì 40 ni wọ́n sì sábà máa ń wà. Ọlọ́gbọ́n tọkọtaya á ní irú rẹ̀ nínú mọ́tò. Bí ọkọ bá fẹ́ kọjá lára tírélà náà, yóò béèrè lórí ìkànnì, awakọ̀ iwájú á sì sọ fún un pé kó dúró, nǹkan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Yóò dúró. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń sọ látàárọ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìyàwó ò lè wọ etí ọkọ àyàfi tó bá ti ẹnu àjèjì onírùngbọ̀n kan jáde. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí kangarúù bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde sójú títì, ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ni yóò bá wọn parí àríyànjiyàn: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń háyà irú mọ́tò yìí ló ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ wà á lóru lẹ́yìn ìlú. Ilé epo tí wọ́n á sì sùn sí, ibẹ̀ ni búkà, ibẹ̀ ni hòtẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ náà ni gbogbo ìròyìn ojú ọ̀nà wà. Ibẹ̀ ni ìyàwó á ti rí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ìwọ náà, ṣé tìẹ náà kì í gbọ́ràn?” Bí wọ́n bá tilẹ̀ padà sójú ọ̀nà, awakọ̀ tí wọn ò mọ̀ rí, tí wọn kò sì ní rí mọ́, yóò na ìka kan sókè lórí sítíárìn kí wọn. Ìka kan péré, ṣùgbọ́n nínú ijù, ìdọ̀bálẹ̀ ni.

Bí ẹ bá rò pé àlejò nìkan ló nílò èyí, ẹ wo àwọn onílé. Tọkọtaya tó ń da màlúù nínú ijù yẹn ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni “méjì péré” kàn jù láyé, owó ẹ̀mí ni wọ́n sì fi ń san án: ẹni tó bá ṣàìsàn á kú kí dókítà tó gbọ́. John Flynn, àlùfáà ìjọ Presbyterian, ló gbé ètò dókítà tó ń fi bàálù kiri kalẹ̀ ní 1928 nílùú Cloncurry. Bàálù nìkan ò tó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè pè é, ni Alfred Traeger bá ṣe rédíò tí kò nílò wáyà iná mànàmáná, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fi máa ń wà á. Wọ́n tún pín àpótí oògùn sí àwọn oko, nọ́ḿbà wà lára oògùn kọ̀ọ̀kan, kí dókítà lè pe nọ́ḿbà lórí afẹ́fẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi ṣe àwàdà pé dókítà ní kí obìnrin kan fún ọkọ rẹ̀ ní nọ́ḿbà 9, nọ́ḿbà 9 ti tán, ló bá po 4 àti 5 pọ̀. Àmọ́ ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn náà ni pé láìpẹ́, wọ́n ní láti ya àkókò kan sọ́tọ̀ lórí rédíò dókítà yẹn fún àwọn obìnrin oko láti bá ara wọn tàkurọ̀sọ. Kò sẹ́ni tó ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó ń kú lọ. Òfófó lásán ni, wọ́n sì kà á sí ara ìtọ́jú. Ní 1951, ilé ẹ̀kọ́ orí rédíò bẹ̀rẹ̀ ní Alice Springs fún àwọn ọmọ wọn. Àwọn tó mọ ijù ju gbogbo ayé lọ, nígbà tí wọ́n rí ẹ̀rọ gbà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi í wá ni ẹni kẹta.

Ìtàn tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìyàwó nínú. Ní oṣù kẹjọ 1860, Robert Burke àti William Wills, àwọn òyìnbó tó fẹ́ la ilẹ̀ náà já, kúrò ní Melbourne pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn, ràkúnmí, ẹṣin àti ẹrù tó tó nǹkan bí 20 tọ́ọ̀nù, tó fi mọ́ tábìlì oákù kan àti àga rẹ̀. Kí wọ́n tó rìn jìnnà, Burke àti igbákejì rẹ̀ ti jà, ìyẹn ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Wọ́n fi àwọn kan sí ibùdó lẹ́bàá odò Cooper, Burke, Wills àti méjì nínú àwọn èèyàn wọn, John King àti Charles Gray, sì tẹ̀ síwájú lọ sí etí òkun àríwá. Gray kú lójú ọ̀nà àbọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹrin 1861 ni àwọn mẹ́ta tó kù padà dé ibùdó. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn tó ń dúró dè wọ́n ṣí lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bo oúnjẹ mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì fín àmì sára igi pé kí wọ́n wú u. Burke wú u, ó kó oúnjẹ, ó bo lẹ́tà tirẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi àmì tuntun kankan sára igi. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣí lọ àti ẹlòmíì padà wá wò, wọn ò rí ohun tó yí padà, wọ́n bá tiwọn lọ. Títí dé ibí, ẹjọ́ àìgbọ́ra-ẹni-yé ni. Ṣùgbọ́n ijù náà kò ṣófo. Àwọn Yandruwandha tó ni ilẹ̀ náà ń fún wọn ní ẹja àti àkàrà tí wọ́n fi èso ewéko nardoo ṣe. Burke fìbọn lé wọn. Àwọn òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nardoo fúnra wọn láìmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bí ẹni tó gé ẹ̀gẹ́ sínú ìkòkò láìrẹ ẹ́. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń rù. Burke kú, Wills kú. King lọ bá àwọn Yandruwandha, wọ́n gbà á mọ́ra, wọ́n bọ́ ọ, ó sì wà láàyè títí tí wọ́n fi wá a rí nínú oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó lé ẹni kẹta dànù kú. Ẹni tó lọ bá a yè. Ẹ̀rí wo la tún ń wá?

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ní ayé Burke nìyẹn. Lónìí, fóònù sátẹ́láìtì wà, amúlétutù wà, máàpù inú fóònù ń sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, amúlétutù kì í jà. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ fẹ́ fi fóònù sátẹ́láìtì yẹn pè? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ tó máa gbé e, tó máa wọ mọ́tò tàbí bàálù wá. Àwọn ibì kan wà lójú títì Nullarbor tí wọ́n fi ọ̀dà kun ilẹ̀ kí bàálù dókítà lè rí ibi bà sí. Ọkọ̀ á dúró, bàálù á sọ̀ kalẹ̀ sójú ọ̀nà. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sì máa ń fún gbogbo arìnrìn-àjò ni pé bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, kí wọ́n má fi í sílẹ̀, nítorí ọkọ̀ ni àwọn tó ń wá wọn máa kọ́kọ́ rí. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: àwọn tó ń wá wọn. Gbogbo ìmọ̀ràn yẹn dúró lórí ìgbàgbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀. Ẹ̀rọ kò pa ẹni kẹta rẹ́. Ó kàn mú kí ó jìnnà sí ojú ni, kí àwọn méjì lè máa ṣe bí ẹni pé kò sí.

Àwọn àgbà náà ní tiwọn. Wọ́n ní, “Kí lo mọ̀? Lẹ́yìn ogójì ọdún ariwo ọmọ àti ariwo ẹbí, ìdákẹ́jẹ́ ni tọkọtaya ń wá.” Mo gbà fún wọn. Ìdákẹ́jẹ́ dára, ìràwọ̀ ibẹ̀ kò sì lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn afẹ̀yìntì Ọsirélíà fúnra wọn, tí wọ́n ń fi ilé orí táyà kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù. Gbogbo ijù wà níwájú wọn tí wọ́n lè sùn sí, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń páàkì sí. Wọ́n á gbé àga síta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn níbi tí epo ti wọ́n àti ibi tí omi ti dára. Ìdákẹ́jẹ́ tó dùn ni èyí tí èèyàn mọ̀ pé òun lè fòpin sí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn pàápàá, ó ní ẹni tó ni ín. Àwọn Anangu ló ni àpáta Uluru, tó ga ní mítà 348. Ìjọba dá a padà fún wọn ní 1985. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń bẹ àlejò pé kí wọ́n má gùn ún nítorí ohun mímọ́ ni lójú wọn, àlejò sì ń gùn ún kí wọ́n lè ya fọ́tò àwọn méjì péré lókè. Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2019 ni wọ́n ti ọ̀nà yẹn pa. Ẹni tó mọ bí àpáta ṣe ń jẹ́ òrìṣà nílẹ̀ wa kò ní béèrè ìdí. Ẹni tó ní òun wà níbi tí kò séèyàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyẹ̀wù ẹlòmíì ló dúró sí.

Àtakò tó kù ni mo bẹ̀rù jù, torí ó bọ́gbọ́n mu. Wọ́n ní, “Ó dáa, bí ẹni kẹta bá ṣe pàtàkì tó báyìí, ṣé kí wọ́n gbé ìyá ọkọ dání ni?” Rárá o! Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi da ilé onílé rú. Tábìlì tó ń di bẹ́ẹ̀dì kò ju ọ̀kan lọ, ìyá kò sì ní gbà kí wọ́n gbé òun sùn sórí sítóòfù. Ẹ tún gbogbo ẹ̀rí wa wò: òṣìṣẹ́ ibodè, awakọ̀ tírélà, obìnrin inú búkà, dókítà inú bàálù, afẹ̀yìntì tó páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sùn mọ́jú pẹ̀lú tọkọtaya. Wọ́n wá, wọ́n sọ tẹnu wọn, wọ́n lọ. Ẹni kẹta tó ń tún ìgbéyàwó ṣe ni èyí tó mọ ìgbà tó yẹ kó dìde nílẹ̀. Èyí tó bá jókòó títí oúnjẹ alẹ́ fi jinná, ẹni kẹta kọ́ nìyẹn mọ́, àyálégbé ni. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní owó irú ìrìn àjò yìí, ẹ lọ, mi ò dá yín dúró. Ẹ ra omi tó pọ̀, ẹ ra rédíò kékeré yẹn, ẹ na ìka yín sókè kí ẹni tó bá kí yín. Ìwọ bàbá tó sì ń fọ́nnu pé o fẹ́ gbé ìyàwó rẹ sá fún gbogbo ẹbí, wà á lọ. Ẹbí ti ṣíwájú rẹ débẹ̀. Wọ́n kàn wọ aṣọ awakọ̀ tírélà ni, wọ́n sì wà lórí ìkànnì 40, wọ́n ń dúró kí o kọ̀ sí ìyàwó rẹ lẹ́nu kí wọ́n tó dá sí i.